Orí Kẹfà: Ọmọ Tí A Kì Í Yìn

Ìgbà tí Màmá Àwẹ̀ró pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀kẹta ni Ìbíwùmí tó rántí pé òun kò tíì bo ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwà. Ó wo àyà aṣọ ara rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré náà ti tàn pupa, àwọ̀ tó máa ń ní bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó kọ sílẹ̀, "Ìwà Lẹwà" tí ìjọba kọ yí i ká sì ń dán yanran.

"Olè ni pẹ̀lú," ni màmá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ta ló sọ fún ọ pé akọni ni? Ọ̀lẹ paraku ni. Orí rẹ̀ ò pé. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí igi ìdáná. Kí lẹ fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe?"

Ìbíwùmí fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ohùn obìnrin kan, tó tutù tó sì mọ́ bí ohùn oníròyìn, jáde láti abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rí ẹbí," ni ohùn náà wí. "Ìlọ́po méje. Fọlárìn Ọ̀jẹ́lábí, láti méjìléláàádọ́ta sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Màmá Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbíwùmí ní kò sí ẹnì kankan, ẹ̀rọ ni. Màmá mi orí, ó ní ẹ̀rọ ayé yìí ti pọ̀ jù, ó sì padà sídìí ẹ̀pà tó ń bó.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àádọ́ta ni ààlà. Ẹni tí òṣùwọ̀n ìwà rẹ̀ bá wà lábẹ́ àádọ́ta, kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan tí ojú ayé yóò máa wò ó, títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ wàásù, kò sì gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ọmọkùnrin tí gbogbo òkè ti ń torí rẹ̀ jà láti ọdún kan, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó lè dúró ní ìdajì pápá kí ó ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ẹni tó ń sáré lọ ní ìkangun, ẹ̀pà ni ìyá àgbà rẹ̀ ń bó nígbà tó fi gbólóhùn mélòó kan parí ayé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni ọ̀ràn bá lọ́jọ́ yìí, ẹnu tó sì kó o bá a kì í ṣe ẹnu màmá. Ẹnu Ìbíwùmí ni. Òfin gba alárenà bí i tirẹ̀ láàyè láti bo ẹlẹ́rìí títí wọn yóò fi kí ara wọn tán, nítorí ìkíni kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bó ti wọlé tó rí arúgbó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, kò sì sí ọwọ́ kẹta tí yóò fi bo bọ́tìnnì. Èyí tó burú jù níbẹ̀, bó ti wà lórí eékún rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire ọmọ o. Ọmọ yín dára, ó lágbára, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo òkè yìí."

Ta ló ń wọ ilé arúgbó kí ó máa yin ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀? Ìbíwùmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀bá omi, Òbùrẹ́wà ló máa ń pè é bí àlejò bá wọlé, bí àlejò náà bá sì ní ọmọ yìí mà gún régé, ìyá rẹ̀ á ní kí ni ó gún, ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Ìfẹ́ ni. Wọ́n ń tan ikú jẹ ni, kí ó lè rò pé ohun tí kò níláárí ni, kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti sọ Ìbíwùmí di ẹni tó ń yin ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń yin ọjà. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò ní ìyá. Àwọn tó sì ṣòfin pé kí ẹ̀rí ẹbí wúwo ní ìlọ́po méje rò ó pé kò sẹ́ni tí yóò parọ́ mọ́ ọmọ ara rẹ̀. Wọn kò bi ìyá kankan léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ó tọrọ gáfárà, ó jáde sí àgbàlá, ó sì pe Ọ̀gá Lánípẹ̀kun ní ọ́fíìsì.

Láyé àtijọ́, bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, alárenà ni wọ́n ń rán lọ wádìí bóyá wèrè wà ní ilé ọ̀hún, tàbí olè, tàbí oníjà. Láyé tí à ń sọ yìí, láti ìgbà tí Èkó ti wọ omi tí àwọn tó ríbi sá sì ti kó gun òkè, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń fẹ́ ọmọ. Ẹ̀rọ ń wọn ìwà, alárenà ń lọ wo ilé, ọ̀rọ̀ alárenà ni ó sì ń kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju oríṣi méjì lọ: "Ẹ fẹ́ ẹ" tàbí "Ẹ má fẹ́ ẹ." Wọn kì í béèrè ìdí.

Ẹgbẹ́ Àrá ló fẹ́ fẹ́ Fọlárìn. Bọ́ọ̀lù gìdìgbò ni wọ́n ń gbá, èyí tí àwọn tí Amẹ́ríkà lé padà wálé kó bọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó ń dúró lẹ́yìn, tó ń pàṣẹ, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, òun ni wọ́n ń pè ní balógun. Fọlárìn ni balógun Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ayọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn kan ní wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn kan ní ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìdíje tó kọjá parí, alága kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé àmì-ẹ̀yẹ dání láti fi kọ́ ọ lọ́rùn, Fọlárìn sì yí ẹ̀yìn sí i níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó bá tirẹ̀ lọ. Méjìdínlọ́gọ́rin ni òṣùwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti di méjìléláàádọ́ta. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ṣàlàyé.

Ọ̀gá Lánípẹ̀kun gbọ́ gbogbo ohun tí Ìbíwùmí rò fún un, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bí màmá náà bá fẹ́, kí ó fúnra rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú ẹlẹ́rìí kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí agogo mẹ́rin ni wọ́n ń di ìwé. Bí kò bá fẹ́, kí Ìbíwùmí ṣe onídùúró fún ọmọ náà. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ó jẹ́ kí mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà jókòó síbi tó wà. Ó rán an létí pé ẹgbẹ́ Àrá ní ọmọ mìíràn lọ́wọ́, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Òtítọ́ ni pé bọ́ọ̀lù tó bá jù kì í pẹ́ balẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún mọ èèyàn kí, kò sì sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kì í ti í dùn.

"Ìbíwùmí, mo bẹ̀ ọ́," ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ọdún mẹ́ta ló kù fún ọ kí o fẹ̀yìn tì. Má fi orí ara rẹ dúró fún ọmọ ọlọ́mọ."

Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé ìdúró fún Ìbíwùmí. Bí alárenà bá dúró fún ọmọ kan, ìwé ìwà àwọn méjèèjì á di ọ̀kan náà fún ọdún márùn-ún. Bí ọmọ náà bá ṣìwà hù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ya ìwé tirẹ̀, wọ́n á sì ya ti alárenà mọ́ ọn. Ẹni tí kò sì ní ìwé kò lè gbé lórí òkè. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìbíwùmí nígbà kan, dúró fún olórin kan. Olórin náà mutí yó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó bú ọlọ́pàá. Ṣóyọyè wà ní ẹ̀bá omi báyìí, àwọ̀n ẹja ló ń tún ṣe.

Ẹ̀bá omi ni wọ́n ti bí Ìbíwùmí. Omi iyọ̀ ló jẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ títí tí kò fi lè rìn mọ́. Ó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gun òkè yìí, ó ra yàrá méjì, ó gbin ewédú sí ẹ̀yìn fèrèsé, kò sì fẹ́ padà. Kò fẹ́ padà rárá ni.

Fọlárìn wà lórí òrùlé, ó ń fi àkísà tútù nu àwọn gíláàsì tó ń gba oòrùn. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò retí ẹnì kankan. Ìbíwùmí dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ káàsán, mà. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Àfojúdi," ni ohùn náà wí láyà aṣọ rẹ̀. "Ọgbọ̀n."

Inú bí Ìbíwùmí sí ẹ̀rọ náà, inú sì bí i sí ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì le. Ó bi í léèrè ohun tó fà á tó fi yí ẹ̀yìn sí alága.

"Ẹlẹ́rìí wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà," ni Fọlárìn dáhùn. "Kò ròyìn fún yín ni?"

"Ẹ̀yìn rẹ ló rí. Ohun tó wà nínú rẹ ni mo wá béèrè."

Ó nu gíláàsì kan tán pátápátá kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó kọ́kọ́ bo nǹkan àyà rẹ̀ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí Ìbíwùmí rántí, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ náà wá sọ fún un nípa Gbádébọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń dúró sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí pápá. Ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n kọlu Gbádébọ̀ lórí, ó sì ń bì létí pápá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ padà wọlé. Alága fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, tó di Gbádébọ̀ mú lẹ́yìn ọrùn, tó sì tì í padà sórí pápá. Nísinsìnyí Gbádébọ̀ kò dá lẹ́tà kankan mọ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ.

"Ọwọ́ yẹn ló fẹ́ fi gbé nǹkan kọ́ mi lọ́rùn," ni Fọlárìn wí. "N kò fẹ́ kó kàn mí."

Ìbíwùmí béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ síta láti ọdún kan yìí wá. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ra oògùn Gbádébọ̀. Bí òun bá lanu, wọn yóò dá oògùn náà dúró. Ó ní bí alárenà náà bá sì tú u sí ẹ̀rọ, òun yóò ní irọ́ ni. Kò halẹ̀, ó kàn sọ ọ́ ni.

Ìbíwùmí kò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun nínú jù. Nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ yìí kan náà fọ́ àgbọ̀n ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan ní yàrá ìjẹun ní ọdún kejì. Ó bi í nípa ìyẹn náà.

"Mo lù ú. Inú bí mi. Kò yẹ kí n lù ú."

"Ṣé o máa tún lu ẹlòmíràn?"

Fọlárìn fún omi àkísà náà dànù. "N kò mọ̀, mà. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe láàárín ọdún márùn-ún sí i?"

Òtítọ́ ni ìdáhùn yẹn, òdodo inú rẹ̀ gan-an ló sì dẹ́rù ba Ìbíwùmí. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún yẹn ì bá ti dọ̀bálẹ̀, ì bá ti búra pé láéláé, ẹ̀rọ ì bá sì ti fún un ní ẹyọ kan sí i. Bí ayé ṣe ń wọn ènìyàn nìyẹn: ẹni tó mọ ara rẹ̀ kì í ní àmì, ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ló ń ní in. Òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé irú wọn bí ọgọ́rùn-ún.

Ó wọlé padà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí níwájú Màmá Àwẹ̀ró, ó bá a bó ẹ̀pà, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé ohun tí ohùn inú bọ́tìnnì náà sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín, Màmá, ẹnu yín nìkan ló sì lè ṣí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Kí ẹ ní ọmọ dáadáa ni.

Ọwọ́ Màmá náà dúró nínú igbá ẹ̀pà.

"Ọmọ mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀," ló wí nígbà tó yá. "Mo yin èyí àkọ́kọ́. Mo gbé e yíká àdúgbò, mo ní ẹ wá wo ọmọ mi bó ṣe pupa. Kò lo oṣù mẹ́jọ. Èkejì, mo yìn ín. Ẹ̀kẹta, mo yìn ín. Ẹ̀kẹrin, mo ní n ò ní yìn ín, àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn, ó bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá wọn fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn nígbà tó bí èyí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí, Ààtàn ni mò ń pè é nínú ilé yìí. Ogún ọdún ó lé. Ó sì wà láàyè, àbí o ò rí i lókè?"

"Mo rí i, Màmá."

"Kí ló wá dé tó o fẹ́ kí n pa á?"

Ìbíwùmí ń wá ohun tí yóò sọ, òwe ló sì bọ́ sí i lẹ́nu, bí ó ti máa ń bọ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ tán nínú rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ṣáà ní bí ọmọ ẹni bá dára, ká wí.

"Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kú rí ló pa òwe yẹn," ni Màmá Àwẹ̀ró dáhùn.

Wọ́n tún bó ẹ̀pà. Lókè, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ Fọlárìn lórí páànù, ó ń lọ ó ń bọ̀. Màmá béèrè bóyá bọ́ọ̀lù yìí jẹ ọmọ náà lọ́kàn gan-an, àbí eré ọmọdé lásán ni. Ìbíwùmí ní kì í ṣe eré. Ó ní òun ti wo àwọn ọmọ tó pọ̀, kò sì sí èyí tó mọ iṣẹ́ náà bí i tirẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀kùn yìí bá tì, orí òrùlé olórùlé ni yóò máa nù títí yóò fi darúgbó.

"Kò tíì sọ fún mi rí pé òun ń fẹ́ nǹkan kan," ni Màmá wí. "Èmi ni mo fà á. Ta ní í sọ ohun tó ń fẹ́ fún ẹni tó ń pè é ní ààtàn?"

Ó gbá èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀. Ó dìde, ó ti fèrèsé méjèèjì, ó ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ikú ń gba ojú ọ̀nà wọlé. Ó wá dúró níwájú Ìbíwùmí, ó tẹjú mọ́ bọ́tìnnì náà. Ìbíwùmí rí òógùn tó yọ síwájú orí rẹ̀, ó rí ètè rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ kan di ògiri mú.

"Fọlárìn," ló wí. Orúkọ náà ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀. "Fọlárìn, ọmọ dáadáa ni. Kò jalè rí. Kò ya ọ̀lẹ. Òun ló wẹ̀ mí fún oṣù mẹ́fà tí ẹsẹ̀ mi ò fi gbé mi, kò sì jẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Ó dára. Ọmọ mi dára, ó dára púpọ̀."

Ojú rẹ̀ kò sí lára bọ́tìnnì mọ́. Àjà ló ń wò, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò dúró.

Ẹlẹ́rìí tàn. "Ohùn gbígbọ̀n," ló wí fẹ́ẹ́rẹ́, Ìbíwùmí nìkan ló gbọ́ ọ. "Ìbẹ̀rù. Òógùn. Irọ́ ẹbí, ìlọ́po méje. Mẹ́tàlélógún."

"Ṣé ó gbọ́?" ni màmá náà béèrè.

Ìbíwùmí ní ó gbọ́. Kí ni ì bá tún wí? Arúgbó náà ti ṣe ohun tí kò sí ẹni tó lè san án fún un, ó ti fi ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un láyé lé ikú lọ́wọ́ lójú ara rẹ̀, ẹ̀rọ sì ní irọ́ ni. Màmá kò dúró gbọ́ àlàyé mìíràn. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti wà ní àgbàlá, ó ń pe "Ààtàn!" sókè. Fọlárìn jẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú kan kò pé, ó tún pè é.

Ìbíwùmí mú wàláà rẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Àmì mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Funfun ni "Ẹ fẹ́ ẹ", ṣùgbọ́n ó ti kú, kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà ní mẹ́tàlélógún. Dúdú ni "Ẹ má fẹ́ ẹ". Láàárín wọn, èyí tí kò fọwọ́ kàn rí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni "Mo dúró fún un".

Ó mọ̀ pé òun nìkan ni ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí gbogbo òkè. Ó mọ ọwọ́ tó ti Gbádébọ̀. Ó mọ ohun tó ń gbọ̀n nínú ohùn màmá. Ó mọ̀ pé nítorí irú ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n fi ń rán ènìyàn tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé àmì àárín náà, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ronú nípa àgbọ̀n tó fọ́. Ó gbọ́ "N kò mọ̀, mà." Ó rí Ṣóyọyè lórí eékún, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́, ó sì rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òfin ni òfin ń jẹ́. Ó ní bí òun kò bá dúró, ẹ̀rọ ló pa ọmọ náà, kì í ṣe òun. Ó sọ ohun púpọ̀ fún ara rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà á. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, ó sì fi tẹ dúdú.

"A ti dì í," ni ohùn náà wí. "Alárenà Ìbíwùmí Ọláníhún, iṣẹ́ yín péye. Ẹ jèrè méjì."

Nígbà tó jáde, Fọlárìn ti sọ̀ kalẹ̀. Màmá jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, ó di etí aṣọ ọmọ náà mú bí ọmọdé, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọmọ náà yọ aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Ó gba àpò Ìbíwùmí lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, ó sì sìn ín lọ sí ibùdókọ̀, níbi tí ọkọ̀ orí okùn ti ń gbé èèyàn láti òkè kan sí èkejì. Okùn ń han lókè orí wọn, ọkọ̀ sì ti ń bọ̀ láti òdìkejì àfonífojì.

"Páànù yẹn fẹ́lẹ́," ni Fọlárìn wí lójijì. "Mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ."

Ìbíwùmí kò lè wò ó lójú.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mà, wọn ò sọ ọ́ rí. Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n máa ń sọ, mo rò pé òótọ́ ni. Bí mo bá ju bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn ń pariwo, mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé wọn ò tíì mọ̀ mí ni, wọ́n á mọ̀ mí lọ́jọ́ kan." Ó gbé àpò náà lé e lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún un. "Ẹ ṣé, mà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè mú wọn sọ ọ́. Mo rí i pé ẹ ti bá wa ṣe é. Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ Àrá máa pè mí?"

Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ìbíwùmí wọlé, ó jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Ó wá gbójú sókè, ó wo ọmọ náà, ó sì dá a lóhùn pé wọ́n á pè é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó máa múra sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí wà láyà rẹ̀, kò bò ó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò tàn, nítorí ohùn Ìbíwùmí kò gbọ̀n.